Iná Tí A Rì Bọ Omi Tí Kò Kú

Iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọmọ kékeré pàápàá mọ èyí. Bí iná bá ràn mọ́ òrùlé, omi ni a ń ké sí. Bí ìyá wa bá sì fẹ́ se omi, yóò gbé ìkòkò lé ààrò mẹ́ta, yóò dáná sí abẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ni ó ń dúró láàrin àwọn ọ̀tá méjèèjì tí kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn. Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè gbé iná sínú omi gan-an, kí iná náà máa gbóná lọ, kí omi sì máa hó?

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ bọ́ílìǹ ríǹgì, irin róbótó oníwáyà yẹn tí a máa ń tì bọ omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a sì máa ń sáré fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí alábòójútó ilé bá ń bọ̀. Èmi náà lò ó. Ṣùgbọ́n ọdún 1979 ni mo tó fojú rí bàbá ńlá rẹ̀. Mo ń kọ́ṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Ìkẹjà nígbà náà, wọ́n sì wá pè wá sí ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan pé hítà wọn ti kú. Ọ̀gá mi tú àwọn nọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ó fa nǹkan kan jáde tí mo kọ́kọ́ ṣe bí egungun ẹja ńlá ni. Páìpù irin mẹ́sàn-án ni, wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ̀po bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, gbogbo wọn sì so mọ́ àwo irin kan ṣoṣo. Èèpá funfun ti bò wọ́n bí ẹni pé ẹnìkan fi ẹfun kùn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti bẹ́ láàrin, ìyẹ̀fun funfun kan ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun sì yọrí síta.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni ẹ̀lùbọ́ inú rẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Ẹ̀lùbọ́ tó o ń wò yẹn ni kò jẹ́ kó pa ẹ́."

Ó parí. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún gorí ọdún kí n tó mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Ilé ìpọntí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi ká lọ.

Ní ìlú Salford, tó fara kan Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí James Prescott Joule ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ilé ìpọntí kan níbẹ̀, ọtí bíà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ náà kò ní ìlera tó bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ojú sì máa ń tì í, nítorí náà ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwé. Nígbà tó di ọdún 1834, bàbá rẹ̀ rán òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ John Dalton, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, ó sì kọ́ wọn títí di ọdún 1837 tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú. Yunifásítì kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ Joule. Lọ́sàn-án, ọmọ apọntí ni. Bí ó bá ti bọ́ níbi iṣẹ́, ó ń fi bátìrì àti wáyà ṣeré nínú yàrá.

Mo fẹ́ kí ẹ fi iṣẹ́ ìpọntí yẹn sọ́kàn, nítorí kì í ṣe àfikún lásán. Ẹni tó bá ń pọn ọtí bíà kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n ooru. Bí omi tí wọ́n fi pò ọkà bá gbóná jù, ọtí ti bàjẹ́. Bí kò bá gbóná tó, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Tẹmọ́mítà ni ojú apọntí. Joule mọ tẹmọ́mítà kà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, nígbà tó yá, ó ń sọ pé òun lè rí ìyípadà ìdá kan nínú igba ti dígírì kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà á gbọ́. Àwọn kọ́ ló kúkú ń pọn ọtí.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ́kọ́ ń wá kì í ṣe ooru rárá. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń wá. Èédú ni wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì stíìmù jẹ ní gbogbo ilé iṣẹ́ Manchester, Joule sì rò ó pé bí òun bá lè fi bátìrì yí ẹ́ńjìnnì onímágnẹ́ẹ̀tì, ìnáwó lórí èédú yóò tán. Ó ti ń tẹ ìròyìn nípa ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ jáde láti ọdún 1838, kò tíì pé ogún ọdún. Ó kàn jẹ́ pé ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, wáyà á gbóná. Agbára tí ì bá fi yí ẹ́ńjìnnì ń sá lọ di ooru. Lójú rẹ̀, bí omi tó ń jò nínú amù ni.

Ẹlòmíràn ì bá bínú, kó so wáyà mìíràn. Joule ní kí òun kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ohun tó ń jò. Ó mú wáyà, ó wé e mọ́ ara páìpù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, ó tì í bọ inú ìgò omi, ó jẹ́ kí iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi tẹmọ́mítà wo bí omi náà ṣe ń gbóná tó. Ó pààrọ̀ wáyà, ó tún wò ó. Ó pààrọ̀ agbára iná, ó tún wò ó. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Wáyà nínú omi, iná nínú wáyà, omi ń gbóná: kí ni èyí bí kò ṣe bọ́ílìǹ ríǹgì? Ọdún 1840 ni a wà yìí o.

Ohun tó rí nìyí. Ooru tí wáyà ń mú wá ń pọ̀ sí i bí ìdènà wáyà náà bá ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ní ti iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí wáyà tí a so àsopọ̀ jù mọ́ fi máa ń yọ́ lójijì nígbà tí a ṣì ń rò pé ó lè gbà á. Joule kọ èyí ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kejìlá ọdún 1840. Wọ́n tẹ àkékúrú rẹ̀ nìkan, wọn kò tẹ odindi. Ìwé ìròyìn Philosophical Magazine ló wá tẹ ẹ́ tán ní ọdún 1841.

Ọdún 1841 yẹn náà ló jókòó ṣe ìṣirò tó ba ọkàn ara rẹ̀ jẹ́. Iye síǹkì tí bátìrì òun ń jẹ ni ó gbé sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú iye èédú tí ẹ́ńjìnnì stíìmù ń jẹ. Pọ́n-ùn síǹkì kan, nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dára jù, lè gbé ẹrù 331,400 pọ́n-ùn sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Pọ́n-ùn èédú kan, nínú ẹ́ńjìnnì stíìmù tó dára jù ní Cornwall, lè gbé nǹkan bí 1,500,000. Síǹkì sì tún wọ́n ju èédú lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ti fi ọdún mélòó kan lé nǹkan, fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kò lè san. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá yí ojú sí ooru gan-an. Ó fi ọdún púpọ̀ wádìí rẹ̀ pé iṣẹ́ ń di ooru, àti pé iye kan náà ni iṣẹ́ ń san ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. A ó padà débẹ̀.

Bí wáyà bá ti lè se omi ní ọdún 1840, kí ló dé tí àwọn ilé iṣẹ́ kò fi sọ bọ́ílà èédú nù lọ́jọ́ kejì? Àkọ́kọ́, iná bátìrì wọ́n bí ojú. Títí di ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ńláńlá ní ọdún 1880 sókè, kò sí ẹni tó lè ronú àtifi iná se omi ìwẹ̀ lásán, áńbọ̀sì omi fákitìrì. Èkejì, wáyà fúnra rẹ̀ kò lè fara dà á. Ẹ gbé wáyà irin sínú iná alágbẹ̀dẹ kó pọ́n bí ẹ̀yìn, ẹ tún gbé e padà nígbà mélòó kan, ẹ óò rí i tí yóò máa ṣí èèpá títí yóò fi já. Atẹ́gùn ló ń jẹ ẹ́.

Albert Marsh, ọmọ Amẹ́ríkà, ló tú kókó yìí. Ó yọ́ níkẹ́ẹ̀lì àti kírómíọ̀mù pọ̀, ìdá mẹ́rin níkẹ́ẹ̀lì sí ìdá kan kírómíọ̀mù, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1906. Bí wáyà yìí bá gbóná, ara rẹ̀ á yọ èèpá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ṣùgbọ́n èèpá náà kì í ṣí. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ, kò sì jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè jẹ inú. Wáyà yìí lè pọ́n, kó tutù, kó tún pọ́n, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Gbogbo áyọ́ọ̀nù oníná tí ẹ ti lò, ọmọ rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ ló wà nínú wọn.

Èyí tó le jù ló wá kù. Joule lè ti wáyà ìhòòhò bọ omi nítorí bátìrì kékeré ni ó ń lò, iná rẹ̀ kò lè gbé ènìyàn. Iná fákitìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú táńkì, àgàgà omi ọṣẹ, omi iyọ̀ tàbí omi àlọ̀, ń gbé iná kiri. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹnjiníà ń wá: ohun kan tí yóò dúró láàrin wáyà àti omi, tí yóò sọ fún iná pé "má kọjá," tí yóò sì sọ fún ooru pé "máa bọ̀." Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó bá dí iná sábà máa ń dí ooru náà. Rọ́bà, igi, aṣọ, atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí. Bí ooru kò bá sì rí ọ̀nà jáde, orí wáyà ni yóò dà á sí, wáyà á yọ́. Wọ́n gbìyànjú máíkà, wọ́n gbìyànjú enamẹ́ẹ̀lì bíi ti abọ́ oúnjẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ń sán, ó ń kú.

Ọmọ Norway kan, Christian Bergh Backer, ló bá a débi tó lápẹẹrẹ, ní àwọn ọdún tó yí Ogun Àgbáyé Kìíní ká. Kò yà mí lẹ́nu pé Norway ni. Omi tó ń já láti orí òkè ló ń yí ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná wọn, iná wọn sì pọ̀, ó rọjú. Níbi tí iná bá ti rọjú ni ènìyàn ti ń ronú àtifi se nǹkan.

Ohun tó ṣe nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó mú wáyà tó ń gbóná, ó fi magnẹ́síọ̀mù yí i ká, ó sì ki méjèèjì bọ inú páìpù irin. Irin ni magnẹ́síọ̀mù ní àkókò yìí o, irin fúnfun tó fúyẹ́, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti irin mìíràn. Ó wá gbé páìpù náà sínú stíìmù tí wọ́n há mọ́ inú ìkòkò irin, tó gbóná, tó sì ní agbára. Stíìmù wọ inú páìpù lọ, ó jẹ magnẹ́síọ̀mù náà títí gbogbo rẹ̀ fi di ohun funfun kan bí ẹfun. Bó ṣe ń yí padà ló ń wú, bó ṣe ń wú ló ń di ara rẹ̀ mọ́ wáyà lápá kan, ó ń di ara rẹ̀ mọ́ páìpù lápá kejì, títí àyè bíńtín kò fi ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà wọ́n á yan án gbẹ. Magnísíà ni ohun funfun yìí ń jẹ́. Kì í jẹ́ kí iná kọjá, ooru sì ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, kò sì lè yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 2,800 dígírì, nígbà tí wáyà Marsh ti ń yọ́ ní nǹkan bí 1,400. Wáyà ni yóò kọ́kọ́ kú kí olùṣọ́ rẹ̀ tó kú.

Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gá mi nìyẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ọ̀nà tó yá jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ General Electric bẹ̀rẹ̀ sí da ìyẹ̀fun magnísíà tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ sínú páìpù yí wáyà ká, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ lu páìpù náà títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ̀fun á sì le bí òkúta. Calrod ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀nà yìí ló borí. Ní Birmingham ní ọdún 1922, Arthur Leslie Large fi wáyà inú páìpù irin sínú omi kẹ́tùlù gan-an, dípò abẹ́ rẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọ ilé ìdáná. Láti ìgbà náà, páìpù kan náà yìí ni, ńlá tàbí kékeré: èyí tó ń se tíì, èyí tó ń mú ọ̀dà títì rọ̀, èyí tó ń mú epo rọ̀bì dídì ṣàn, èyí tó ń gbé omi gbóná fún ilé aláró àti ilé tí wọ́n ti ń fi níkẹ́ẹ̀lì bo irin.

Kò túmọ̀ sí pé a lè ti èyíkéyìí bọ ohunkóhun. Omi máa ń gba ooru kíákíá. Ara páìpù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lè tú nǹkan bíi wáàtì 8 sínú omi, kò sí ìjà. Bí ẹ bá gbé páìpù yẹn kan náà sínú epo tó ki, epo kò ní lè gbé ooru lọ ní kíákíá, èyí tó fara kan páìpù á jóná di èédú, èédú á di aṣọ òtútù tí páìpù wọ̀, ooru á há sínú, wáyà á já. Wáàtì 1 tàbí díẹ̀ lé ni epo bẹ́ẹ̀ lè gbà. Páìpù bàbà dára fún omi mímu, irin tí kì í dípẹtà dára fún sóódà, àwọn omi kíkan kan sì wà tó jẹ́ gíláàsì tàbí ike Teflon nìkan ni wọn kò lè jẹ. Ọ̀tá méjì ló wá kù. Èkíní ni èèpá funfun tí omi líle máa ń fi sílẹ̀, irú èyí tó wà lára hítà ọlọ́ṣẹ ọjọ́ yẹn. Èkejì ni kí omi fà títí orí páìpù fi yọ síta tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tó pa èyí tó bẹ́ yẹn gan-an nìyẹn: ẹnìkan gbàgbé láti ṣí omi.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí Joule láì mọ̀ pé òun ni mo rí. A tún hítà náà ṣe, a so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a tan án. Kò pé ìṣẹ́jú ogún tí iná ìjọba lọ. Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ ní kò séwu, ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí omi máa hó lọ.

Ọ̀gá mi gbá fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ pa hítà yìí tí iná ìjọba kò bá sí."

"Ẹnjiníà, ṣé kò lè gbé e ni?"

"Ó lè gbé e, sà. Àpò yín ni kò lè gbé e."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ kò ní torí dísù ṣe ojo. A gba owó wa, a lọ.

Ìṣirò tí ọ̀gá mi kò sọ síta nìyí. Lítà omi kan ń fẹ́ nǹkan bíi joule 4,186 kó tó gbóná ní dígírì kan. Táńkì lítà 1,000, láti 30 dígírì dé 90, ń fẹ́ mílíọ̀nù joule 251, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì iná 70. Hítà kilowáàtì 12 yóò ṣe é ní bíi wákàtí mẹ́fà. Lítà dísù kan ní nǹkan bíi yúníìtì 10 nínú bí a bá jó o, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í sọ ju bíi 3 lọ di iná. Ìyókù ń bá èéfín jáde, ó ń gbóná sára ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, lítà dísù 23 ni Bàbá ń jó kí táńkì kan tó gbóná. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ bọ́ílà lásán ló ti jó dísù yẹn, lítà 9 ì bá tó o. Ó ń fi ooru ṣe iná, ó sì tún ń fi iná ṣe ooru, owó rẹ̀ sì ń jò lójú ọ̀nà. Síǹkì àti èédú Joule náà nìyẹn ní Ìkẹjà, ọdún 138 lẹ́yìn tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Nígbà tí a padà lọ síbẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa. Mi ò sọ pé hítà nìkan ló tì í. Ohun tó ń pa ilé iṣẹ́ nílẹ̀ wa pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi dúró lẹ́nu géètì yẹn pẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Joule fúnra rẹ̀ kò kú sínú ọlá. Wọ́n ta ilé ìpọntí náà ní ọdún 1854, owó rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀ sórí ìwádìí, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń fún un ní 200 pọ́n-ùn lọ́dọọdún láti ọdún 1878. Ní ọdún 1889, àwọn onímọ̀ iná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Paris, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n agbára tí mo fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ló kú, nílé rẹ̀ ní Sale, kò jìnnà sí Manchester. Lórí òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀: 772.55. Iye iṣẹ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn, ní pọ́n-ùn àti ẹsẹ̀ bàtà, kí pọ́n-ùn omi kan tó fi dígírì Fahrenheit kan gbóná sí i.